Ọ̀nà Oko, Òkè àti Ìlú Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ láti Ìfọ́n

Tí ènìyàn bá kúrò láàárín ìlú Ìfọ́n, tó kọ ẹ̀yìn sí títì tó wá láti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní pẹ́ tí ọ̀dà yóò fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìlobùú tí ilé rẹ̀ kan ti Ìfọ́n, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Ẹrin-Ọ̀ṣun tó múlé gbè wọ́n. Ọ̀nà abà ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà yìí, òmíràn jẹ́ ọ̀nà odò, òmíràn sì jẹ́ ibi tí àwọn ìyá wa ń ru ẹ̀gẹ́ gbà wọ ọjà. Àwọn tó ń du ipò òṣèlú a máa tọ́ka sí wọn nígbà ìbò pé ẹ wo ohun tí ìjọba kò ṣe. Òótọ́ sì ni, torí àgbẹ̀ tí irè oko rẹ̀ jẹrà sójú ọ̀nà nígbà òjò mọ ohun tó pàdánù. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, n kò mọ ọrọ̀ mìíràn tó tó èyí ní gbogbo agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀rọ̀lú àti Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni kí a mọ bí a ṣe ń yan èyí tó yẹ, kí a so wọ́n mọ́ ara wọn, kí a sì mọ ẹni tó yẹ kí a kí kí a tó gbà á kọjá.

Gígun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ti di eré ńlá lókè òkun. Ní 2006 ni ìdíje kan bẹ̀rẹ̀ ní Emporia, ní Ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn òkè koríko tó ń jẹ́ Flint Hills. Igba máìlì ni wọ́n ń gùn láàárín ọjọ́ kan, ó lé ní 320 kìlómítà, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Unbound ni wọ́n ń pè é báyìí. UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, gbé ìdíje àgbáyé ti eré yìí kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ítálì ní 2022. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Kẹ́ńyà ti ní tirẹ̀: ọdún 2021 ni Migration Gravel Race bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń la ilẹ̀ àwọn Maasai kọjá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á rò pé ohun àjèjì ni. Olùkọ́, katikíìsì, wolé-wolé àti ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, gbogbo wọn ló gun Raleigh onírin lórí irú ọ̀nà yìí láyé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ náà kò sì ní ju jíà kan ṣoṣo lọ.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún eré yìí nísinsìnyí wà láàárín kẹ̀kẹ́ ìje tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín àti kẹ̀kẹ́ orí òkè tó wúwo. Táyà rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó mílímítà 38 sí 50. Bíréèkì rẹ̀ kì í di etí rímù mú, irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń dì mú, ìdí nìyẹn tí ẹrẹ̀ kì í fi tètè mú un yọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó jẹ gbèsè torí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ orí òkè tòkunbọ̀ tí táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 26, tí a pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí èyí tí eyín rẹ̀ kò ga, tó iṣẹ́ náà ṣe. Àǹfààní rẹ̀ ni pé túùbù rẹ̀ kò ṣòro rí lọ́jà, fọkanáísà ìgbèríko sì lè lẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni afẹ́fẹ́. Fọkanáísà yóò fẹ́ táyà náà títí yóò fi le gbagidi, bẹ́ẹ̀ táyà tó le jù ń ta fẹ̀ẹ́rẹ́ lórí yangí, kì í di ilẹ̀ mú, ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún á sì kú tipiri kó tó rin ìrìn wákàtí kan. Ẹni tó wọn bíi kìlógíráàmù 75, tó ń lo táyà mílímítà 40 pẹ̀lú túùbù, kò nílò ju 35 sí 40 psi lọ. Tó bá rọ̀ jù bẹ́ẹ̀, rímù á bu túùbù jẹ nígbà tó bá kọ lu òkúta.

Ilẹ̀ gan-an ló yẹ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa. Yangí tí a ń tẹ̀ yìí jẹ́ àpáta tí ooru àti òjò ti jẹ fún ọdún tí kò lóǹkà. Òjò fọ àwọn èròjà tó rọrùn láti yọ́ lọ, ó fi irin sílẹ̀, irin yẹn ló dípẹtà tó sọ ilẹ̀ di pupa. Nígbà tí oòrùn bá pa á, ó máa ń dì, kẹ̀kẹ́ á sì sáré lórí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n amọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ yẹn á lẹ̀ mọ́ táyà, á kún ààrin táyà àti férémù, títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Ẹni tó bá ń tì í tipátipá nígbà náà lè fa ṣéènì já. Kí ó dúró ni, kí ó fi igi yọ ẹrẹ̀, tàbí kí ó ru kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba inú koríko kọjá. Lẹ́yìn òjò, tí oòrùn bá ti ràn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ilẹ̀ kan náà á di èyí tó dára jù lọ láti gùn: kò ní eruku, kò yọ̀, yanrìn rẹ̀ sì ti sùn.

Nítorí náà, kì í ṣe àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò. Ní oṣù kìíní, ọyẹ́ á ti gbẹ gbogbo omi inú ilẹ̀, eruku á máa bo ojú, èéfín igbó tí wọ́n ń sun á sì máa dí ni nímú. Ìgbà yẹn náà ni ọ̀nà ń ṣe gbágungbàgun. Ohun tó ń fà á ni pé ọkọ̀ tó ń sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ a máa fò sókè díẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, a sì máa gbá yẹ̀pẹ̀ jọ síwájú nígbà tó bá balẹ̀. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e á tún fò níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ á sì tún pọ̀ sí i, títí gbogbo ojú ọ̀nà á fi di ebè kéékèèké. Kò sí ọgbọ́n tó ju kí a fà sí etí ọ̀nà lọ, kí a dẹ ọwọ́, kí a sì má ṣe rọra jù. Ní ìsàlẹ̀ òkè, yanrìn tí àgbàrá wọ́ sọ̀kalẹ̀ ló ń dúró de ènìyàn. Ẹni tó bá já kọ́nà lójijì ńbẹ̀ yóò ṣubú. Ṣe ni kí ó fà sẹ́yìn lórí ìjókòó, kí ó máa wa pẹ́dàlì lọ láìdáwọ́ dúró.

Ìparí oṣù kọkànlá sí àárín oṣù kejìlá ni tèmi, ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ṣì tutù nínú. Lẹ́yìn rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta. Ìsinmi díẹ̀ tí òjò ń ṣe ní oṣù kẹjọ náà wúlò, àmọ́ èèyàn ò lè gbára lé e.

Báwo ni a ṣe ń rí ọ̀nà náà gan-an? Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ń fi ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ hàn láàárín oko, èèyàn á sì fi ìka tọ̀ ọ́ láti abúlé kan dé èkejì. Kò burú, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ afárá tó ti wó, kò sì mọ̀ bóyá ìlà tó ń fi hàn wá jẹ́ ọ̀nà tàbí ipa àgbàrá. Mo fọkàn tán ẹnu èèyàn jù ú lọ, oríṣi èèyàn mẹ́ta sì ni mo máa ń gbà pé kí a bi. Ọlọ́kadà mọ ibi tó ṣeé gbà lónìí. Ọdẹ mọ ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé nínú igbó, èyí tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni láti òkè. Ìyá tó ń ná ọjà abúlé mọ ọjọ́ ọjà, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe jọ lọ: ní ọjọ́ ọjà, ọ̀nà oko kún fún èèyàn láti ìdájí, ẹni tó bá sì ní ìṣòro kò ní pẹ́ kó tó rí olùrànlọ́wọ́. Ọ̀nà tó dá páropáro lọ́jọ́ mìíràn ń di ọ̀nà ààbò ní ọjọ́ náà.

Kíkí wà lára iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí pọ́ǹpù ṣe wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ tí ọ̀nà bá gba abúlé rẹ̀ kọjá. A bọ́ akoto, a sọ̀ kalẹ̀, a kí i, a sọ ibi tí a ń lọ àti iye èèyàn tó ń bọ̀. Lójú ọ̀nà, “Àrokobọ́dún o” ni fún ẹni tó ń kọ ebè, “Àrìnpa o” fún ọdẹ, “Igbà á rọ̀ o” fún ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ. Ẹni tó ń sáré kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, tó bo ojú, tó sì wọ aṣọ tí wọn kò rí rí, ẹ̀rù ló ń dà sí àwọn èèyàn lára, pàápàá láyé tí ìjínigbé ti wọ ìgbèríko yìí. Kí a wí fún àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ tàbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀ ní oṣù kìíní 2020, kí a tó wọ igbó. Kí a má dá nìkan lọ, kí a sì ti jáde sí títì kí oòrùn tó rẹlẹ̀.

Ọ̀nà tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gùn ni èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, láti Ìfọ́n sí Èjìgbò. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń ga, ó ń sọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òkè tó gbóná, ọ̀dàn àti oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, èèyàn sì lè lọ kó dé láàárín ọjọ́ kan láìpa ara rẹ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ìrọ̀rùn rẹ̀ lọ. Ìfọ́n ni ìlú Òòṣàálá Olúfọ́n, àgbà òòṣà tó tẹ ọ̀pá lọ́wọ́. Èjìgbò ni ìlú Òòṣà Ògìyán, èyí tí wọ́n kà sí ọ̀dọ́ akọni nínú ìdílé aláṣọ funfun kan náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Bahia ní Bùràsíìlì kò gbàgbé àwọn méjèèjì: títí dòní, Oxalufã àti Oxaguiã ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sì ń sọ jù nípa Olúfọ́n, ìtàn ìrìn àjò ni. Ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kó má lọ. Nígbà tó taku, wọ́n ní kó mú aṣọ funfun mẹ́ta, ọṣẹ àti òrí dání, kó má sì ráhùn ohunkóhun tó bá dé bá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà, tó ní kó bá òun gbé ẹrù rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló da ohun inú ẹrù náà sí i lára, epo pupa, èédú, àdín. Bàbá á wẹ̀ lódò, á pààrọ̀ aṣọ, á sì máa lọ. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó ń mú un bọ̀ wá fún olówó rẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà sì mú un ní olè. Ọdún méje ló lò nínú ẹ̀wọ̀n, òjò kò rọ̀, àboyún kò bí, títí Ifá fi tú àṣírí, tí Ṣàngó ní kí gbogbo ìlú pọn omi wá wẹ̀ ẹ́.

Mi ò lè gba ilẹ̀ yìí kọjá kí n má rántí rẹ̀. Àrúgbó ló rìn ín, ó rọra rìn ín, ó sì gbé ohun tó máa nílò dání. Ẹni tó bá ti Ìfọ́n dé Èjìgbò lórí kẹ̀kẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò pupa láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì yẹ kí ó wọlé tọ ọba tàbí ojúbọ kankan bẹ́ẹ̀. Aṣọ mìíràn àti ọṣẹ díẹ̀ nínú àpò ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹrù.

Ọ̀nà kejì kúrú, àmọ́ ó kún. Ìlobùú ló ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí odò Erinlẹ̀. Ọdẹ ni Erinlẹ̀ kó tó di odò, wọ́n sì ń bọ ọ́ ní Ìlobùú títí di òní. Àwọn olùsìn rẹ̀ a máa fi ọta wẹ́wẹ́ láti inú odò náà sínú ìkòkò rẹ̀. Níhìn-ín ni Ulli Beier, ará Jámánì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ti gbé fún ìgbà díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀ sí Òṣogbo, níbi tí òun àti Dúró Ládiípọ̀, òṣèré tíátà, ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Ẹrin-Ọ̀ṣun ló kàn, ìlú àwọn aláyàn, ìlú Lamidi Àyánkúnlé tó fi dùndún yí ayé ká. Lẹ́yìn náà ni a ń gba ọ̀nà oko bọ́ sí ìhà Òkinni, níbi tí wọ́n ti fi ìdídò sé Erinlẹ̀. Etí adágún náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi tí kò ṣàn, kó má sì fi bọ́jú. Àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, wà nínú irú adágún bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yìí: kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú ìgbín omi, ara ló sì ń gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu. Bí ó bá pọn dandan láti la omi kọjá, ibi tó ń ṣàn ni ká gbà, ká sì nura gbẹ kíákíá.

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun ni òpin ọ̀nà yìí. Ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 75 ni, ọdún 1965 ni ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ti àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, lo ìgbésí ayé rẹ̀ láti dáàbò bò ó títí ó fi kú ní 2009. A kì í gun kẹ̀kẹ́ wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí a fi kẹ̀kẹ́ sí, kí a fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Èyí kò ṣeé bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti le ni ọ̀nà kẹta wà fún. Láti Òṣogbo, ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lọ sí Ìkìrun. Ọdún 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo. Àwọn tó la ojú irin yẹn sá fún gbogbo òkè tó ga, torí rélùwéè kì í lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀, nítorí náà ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́jú ju títì lọ. Kí a ṣáà máa tẹ́tí, kí a má sì gun orí irin. Ìkìrun ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní 1878, tí odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ jagunjagun lọ. Ìràgbìjí kò jìnnà síbẹ̀, òkè olókùúta ló yí i ká. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń dìde sí ìhà Ìgbájọ, oko kòkó àti obì abẹ́ igi ńláńlá sì rọ́pò ọ̀dàn. Òjìji pọ̀ ńbẹ̀, ewé rírẹ̀ tó bo ojú ọ̀nà sì ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ.

Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìdí tí mo fi ń pe ọ̀nà yìí ní ọba gbogbo wọn. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni ogun Kírìjì ti jà láti 1877 sí 1886. Àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ sí ìhà Ìmẹ̀sí. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885, kí àlàáfíà tó dé. Nínú ìwé, ó ṣòro láti mọ ìdí tí ogun kan fi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ gun òkè yẹn, tí jíà tó rọ̀ jù ti tán, tó sọ̀ kalẹ̀ tó ń tì í, yóò rí i pé àfonífojì kan ṣoṣo ló pín àwọn ọmọ ogun méjèèjì níyà, àti pé ẹni tó bá fẹ́ gbéjà ko èkejì gbọ́dọ̀ gùnkè lábẹ́ ìbọn.

Ìsọ̀kalẹ̀ ibẹ̀ ló léwu jù ní gbogbo ìrìn yìí. Kí a dín eré kù kí a tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀, kí a sì máa lo bíréèkì méjèèjì. Suleiman Kangangi, ọmọ Kẹ́ńyà tó wà lára àwọn aṣáájú eré yìí ní Áfíríkà, ṣubú nínú ìdíje Vermont Overland ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ 2022, ó sì gbabẹ̀ kú. Ọ̀gá ni nídìí iṣẹ́ yìí. Akoto kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo lọ́kàn mi. Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹrin-Ọ̀ṣun ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó burú débi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn tó sá kúrò nílé wọn kò ronú kẹ̀kẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bí ẹni pé eré ló jẹ mí lógún ju ẹ̀mí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí, ẹni tó bá sì fa ìlà lórí fóònù láti Ìfọ́n dé Ẹrin láìbéèrè lè kó ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn sí wàhálà. Kí a béèrè ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ní kí a má gba ibì kan, kí a gba títì.

Ohun tí mo ń fẹ́ rí ni ìgùn kan lọ́dọọdún, tí kì í ṣe ìdíje, tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣètò rẹ̀: ọmọ Ìfọ́n á ṣáájú lórí ilẹ̀ Ìfọ́n, ọmọ Ìlobùú á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ààlà, ọmọ Ẹrin á sì mú wọn dé ibi tí ìlù ti ń dún. Àwọn àgbẹ̀ tó ní ọ̀nà náà yóò ní ẹnu nínú rẹ̀, kí a sì fi owó tí a bá rí tún afárá wọn ṣe ṣáájú ohun mìíràn. Ìparí oṣù kọkànlá, ní ọjọ́ ọjà, ni mo máa mú. Ogójì kìlómítà tó fún ọdún àkọ́kọ́.